Ojú Kejì Lórí Tábìlì

Kí òyìnbó tó kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ tí ń jẹ́ ọ́fíìsì, inú ilé ni àwọn baba wa ti ń ṣiṣẹ́ wọn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ahunṣọ ń gbé òfì rẹ̀ kalẹ̀ sí; aláró a kó ìkòkò rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé; alágbẹ̀dẹ a sì gbé ẹwìrì rẹ̀ sí ibi tí ìyàwó rẹ̀ yóò ti lè ké sí i pé oúnjẹ ti délẹ̀. Ní ìlú Benin pàápàá, bí ènìyàn bá kúrò ní Ring Road tí ó kọrí sí ọ̀nà Sakponba, kò ní rìn jìnnà kí ó tó kan òpópó Igun, níbi tí àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ ti ń da idẹ láti ayé àwọn Ọba àtijọ́. Iwájú ilé ni wọ́n ń pàtẹ rẹ̀ sí, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ti ń yọ́ ọ, àárín ilé kan náà ni wọ́n sì ń sùn. Kò sí ẹni tí ń bi wọ́n léèrè pé iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe, nítorí ojú ń rí i, etí sì ń gbọ́ ọ.

Iṣẹ́ tí ó nira láti ṣe nínú ilé ni èyí tí ojú ẹlòmíràn kò lè rí. Bí ahunṣọ bá jókòó ti òfì, ìró ọ̀kọ̀ ni yóò jẹ́rìí fún un; bí káfíńtà bá ń fá pákó, èérún rẹ̀ yóò kún ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà láti òwúrọ̀, tí kò sọ̀rọ̀, tí kò sì dìde, kí ni a óò fi mọ̀ bóyá iṣẹ́ ni ó ń ṣe tàbí eré ni ó ń wò? Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń rán irú ẹni bẹ́ẹ̀ níṣẹ́ láìdákẹ́: lọ ra iyọ̀ wá, lọ pọn omi, wá bá wa di ọmọ yìí mú. A kò lè dá wọn lẹ́bi. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n fi ń ṣe ìdájọ́.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ bíbí Ọ̀wọ̀ mọ ìyà yìí dáradára. Lẹ́yìn tí ó gba ìwé-ẹ̀rí N.C.E. nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá, ó wá sí Benin sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tí ó ń ta ohun èlò ọkọ̀ ní Upper Sakponba, ní ìrètí pé yóò rí iṣẹ́ olùkọ́. Edo ni èdè ilẹ̀ náà, kò sì rí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń wá olùkọ́ Yorùbá. Níbi tí ó ti ń wá iṣẹ́ kiri ni iṣẹ́ ìtumọ̀ ti bá a. Àwọn agbaniṣíṣẹ́ kan ní òkè òkun bẹ̀rẹ̀ sí fi ìwé ránṣẹ́ sí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ìwé ìléwọ́ nípa ìlera, ìlànà lílo fóònù, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sí ìsàlẹ̀ fíìmù. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, Yorùbá ni ó ń fi dá a padà, iye ọ̀rọ̀ tí ó bá sì túmọ̀ ni wọ́n ń ka owó lé lórí.

Kọ̀ǹpútà àgbélétan kan ṣoṣo ni ó ní, tí ojú rẹ̀ kò ju ínǹṣì 14 lọ. Lórí ojú kékeré yìí ni ó ní láti gbé ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ìwé Yorùbá tí ó ń kọ, àkójọ àwọn ọ̀rọ̀ tí agbaniṣíṣẹ́ fẹ́ kí ó máa lò, àti ìwé atúmọ̀-èdè. Bí ọ̀kan bá wà lókè, àwọn yòókù a wà lábẹ́. Yóò ka gbólóhùn kan, yóò há a sórí, yóò ṣí ìwé kejì, yóò kọ ọ́, yóò tún padà lọ wá ibi tí ó kà dé. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ tí yóò máa bọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé àwọn ògbufọ̀ ayé àtijọ́ kò mọ ìṣòro yìí. Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, èyí tí odindi rẹ̀ jáde ní èdè Yorùbá ní 1884, ìwé àti bébà ni ohun èlò wọn. Ẹni tí ó bá ní ìwé lápá òsì àti bébà lápá ọ̀tún, ojú rẹ̀ nìkan ni yóò máa rìn; ọwọ́ rẹ̀ kò ní ohun tí yóò ṣí tàbí tí yóò pa dé. Kọ̀ǹpútà tí a ní ó wá mú iṣẹ́ rọrùn ni ó kó ìwé méjì lé ara wọn bí aṣọ inú àpótí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbé ojú kejì sórí tábìlì rẹ̀ kò tẹ̀lé àṣà ìgbàlódé kan lásán. Ohun tí tábìlì onígi ti ń ṣe fún àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ ni ó ń gbà padà.

Àmọ́ kì í ṣe ìrọ̀rùn ni ó mú ọmọ Ọ̀wọ̀ yìí pinnu. Ìwé ìléwọ́ kan ni ó túmọ̀ fún àwọn abiyamọ, lórí oògùn ibà tí a ń fún àwọn ọmọdé fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí ó parí rẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó lọ tẹ ìwé méjèèjì sórí bébà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní ẹ̀bá títì, ó sì tẹ́ wọn sórí ibùsùn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Níbẹ̀ ni ó ti rí i pé gbólóhùn kan ti fò. Gbólóhùn náà kò gùn. Ó ní kí ìyá má ṣe dá oògùn dúró nítorí pé ara ọmọ ti tutù ní ọjọ́ kejì. Gbólóhùn méjì tí ó tẹ̀lé ara wọn ni ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “má ṣe” nínú ìwé náà. Bí ojú ọmọbìnrin náà ti padà sórí Gẹ̀ẹ́sì, èkejì ni ó bá pàdé, ó sì rò pé òun ti túmọ̀ èyí tí ó ṣáájú.

A kì í fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣeré. Ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ ìwé náà fún, kò sì sí ibòmíràn tí irú ìyá bẹ́ẹ̀ yóò ti rí ọ̀rọ̀ tí ó fò. Bí ó bá dá oògùn dúró ní ọjọ́ kejì, ibà lè padà, ó sì lè le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà fi gbólóhùn náà sí àyè rẹ̀ kí ó tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀, ṣùgbọ́n oorun rẹ̀ kò dùn lóru ọjọ́ náà. Bí ó bá sì ní kí òun máa tẹ gbogbo iṣẹ́ sórí bébà kí ó tó lè yẹ̀ ẹ́ wò, owó bébà ni yóò jẹ èrè tán.

Mọ́nítọ̀ kejì kì í ṣe ohun tuntun láyé. Ní 1987, nígbà tí Apple gbé Macintosh II jáde, ènìyàn ti lè so ju ojú kan lọ mọ́ ọn. Nígbà tí Windows 98 sì dé, àwọn tí ń lo kọ̀ǹpútà ti Microsoft náà rí i ṣe. Ó pẹ́ tí àwọn tí ń ya àwòrán ilé àti àwọn tí ń ṣọ́ ọjà owó ti mọ adùn rẹ̀. Lẹ́yìn tí àrùn COVID-19 sé ayé mọ́lé ní 2020, olùkọ́ àti akọ̀wé náà bẹ̀rẹ̀ sí wá a.

Ẹni tí kò ní owó tuntun ní Benin a lọ wo àlòkù ní àwọn ṣọ́ọ̀bù agbègbè Ring Road. “Tokunbo” ni àwọn tí ń tà á ń pè é, yálà ọmọ Edo ni wọ́n, tàbí ọmọ Ígbò. Láàrin wa, orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a gbé wálé ni. Lọ́jà, ó ti di orúkọ ohunkóhun tí òyìnbó ti lò kí ó tó kàn wá. Ẹ̀rín pa ọ̀dọ́mọbìnrin náà bí ó ti gbọ́ tí ọmọkùnrin Edo kan ń fi ohùn líle ṣàlàyé fún òun, ọmọ Yorùbá, ohun tí Tòkunbọ̀ jẹ́.

Kò yẹ kí ènìyàn ra ohun àlòkù láìtàn án wò. Ó gbé àgbélétan rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà, ó ní kí wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ojú òun. Ó jẹ́ kí ojú mọ́nítọ̀ náà funfun gbòò kí ó lè rí èékán dúdú tí ó ti kú; ó tún jẹ́ kí ó dúdú kí ó lè rí èékán ìmọ́lẹ̀ tí ó kọ̀ tí kò kú. Ó sì jẹ́ kí ó tàn fún ìdajì wákàtí, nítorí òmíràn wà tí kì í bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ́jú àfi ìgbà tí ara rẹ̀ bá gbóná, nígbà náà ẹni tí ó tà á yóò ti ná owó rẹ̀.

Ẹnu wáyà ni ó fẹ́ da ọ̀rọ̀ rú. Èyí tí owó rẹ̀ wálẹ̀ jù ní ẹnu VGA nìkan, èyí aláwọ̀ búlúù tí ó ní ihò 15, tí IBM mú jáde ní 1987. Ẹnu HDMI ni àgbélétan rẹ̀ ní. Ohun tí ń gba inú VGA kọjá jẹ́ ìgbì iná tí ń ga tí ń rẹlẹ̀. Ohun tí ń gba inú HDMI kọjá jẹ́ nọ́ńbà. Wáyà lásán kò lè mú wọn gbọ́ ara wọn. Àfi kí a fi ohun kékeré kan sáàrin wọn tí yóò máa ṣe ògbufọ̀. Èyí náà pa á lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò ra ògbufọ̀ náà. Lẹ́tà tí ó bá gba ọ̀nà yẹn kọjá a máa rí bàìbàì nígbà mìíràn, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ láti mọ àmì ohùn òkè yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀ kò lè fi lẹ́tà bàìbàì ṣiṣẹ́. Ó fi owó kún owó, ó ra ínǹṣì 22 kan tí ó ní ẹnu HDMI. Orí itan rẹ̀ ni ó gbé e lé nínú ọkọ̀ láti Ring Road títí dé Upper Sakponba, nínú gbogbo gbọ̀ngàgbọ́ngà ọ̀nà náà, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé òun náà di àgbélétan lọ́jọ́ yẹn.

Ilé ni wàhálà wà. Yàrá méjì àti pálọ̀ kan ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ háyà nínú ọgbà náà. Ọmọbìnrin yìí ń sùn pẹ̀lú àwọn ọmọ méjèèjì, kò sì sí ibi tí tábìlì lè wọ̀ àfi pálọ̀. Pálọ̀ sì ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń ránṣọ. Ọmọ Edo ni ìyàwó náà, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ rẹ̀ ti kọ́ ọ pé a kì í pe ọmọ tí a bá nílé ọkọ ní orúkọ. “Ìbàdíàrán” ni ó ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀, ahọ́n Edo a sì yí ọ̀rọ̀ náà díẹ̀ tí yóò fi dùn létí. Àárín wọn gún. Síbẹ̀, nígbà tí páálí wọlé tí ó di pé níbo ni a óò gbé e sí, ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà.

Fèrèsé ńlá kan ṣoṣo ni pálọ̀ náà ní. Iwájú rẹ̀ ni ẹ̀rọ ìránṣọ wà láti ọjọ́ tí ìyàwó ti dé, nítorí iná kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, aránṣọ kò sì lè máa fi òwú dúdú wá ojú abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn. Iwájú fèrèsé kan náà ni ọ̀dọ́mọbìnrin yìí rò pé ó yẹ kí tábìlì òun wà.

“Ìbàdíàrán,” ni ìyàwó wí, “ṣé kí n gbé ẹ̀rọ jáde sínú òjò ni? Owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ yín ni ó ń ti ibẹ̀ jáde.”

“Àǹtí mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú,” ni èkejì fèsì. “Iṣẹ́ ni èmi náà fẹ́ máa ṣe níbẹ̀.”

“Iṣẹ́?” ni ìyàwó wí, kò sì fi ohunkóhun kún un. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí dun ọ̀dọ́mọbìnrin náà ju èébú lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó jókòó láàrin wọn ń wo ilẹ̀. Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ bá ká mọ́ àárín ìyàwó àti àbúrò, ìdákẹ́jẹ́ ni ààbò rẹ̀.

Mọ́nítọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni ó parí ìjà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tí ìyàwó lọ sọ́jà, ọ̀dọ́mọbìnrin náà gbé e yí ká pálọ̀ láti dán an wò. Nígbà tí ó kọjú sí fèrèsé tí mọ́nítọ̀ sì wà láàrin, oòrùn ọ̀sán ń wọ̀ ọ́ lójú láti ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́tà kò sì hàn. Nígbà tí ó kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé, ojú ara rẹ̀ àti aṣọ tí wọ́n sá sínú ọgbà ni ó ń rí lórí dígí dípò iṣẹ́. Ìgbà tí ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, tí fèrèsé wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, ni ojú rẹ̀ tó balẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ nípa ibi iṣẹ́ ń sọ gẹ́lẹ́ nìyí, pé kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́. Nípa bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ kò kúrò ní àyè rẹ̀ rárá. Àga kan tí àlejò máa ń jókòó sí ni wọ́n gbé lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àlejò ni ó sì san gbèsè náà.

Káfíńtà tí ó kan tábìlì fẹ́ kan tẹ́ẹ́rẹ́ kan fún un, irú èyí tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń lò. Ó kọ̀. Ó yẹ kí ojú ènìyàn àti ojú mọ́nítọ̀ jìnnà síra tó gígùn apá, kí ó má dín ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 50. Tábìlì tí kò jìn tó ni ó ń mú kí àwọn ènìyàn máa fi imú wọn kan dígí. Etí òkè mọ́nítọ̀ náà wà ní déédéé ojú rẹ̀, tàbí kí ó rẹlẹ̀ díẹ̀, kí ọrùn má ba à máa nà sókè. Ó gbé àgbélétan sórí bíríkì méjì tí ó fi aṣọ wé kí ó lè bá èkejì dọ́gba, ó sì ra bọ́tìnnì ìtẹ̀wé ọ̀tọ̀, nítorí ẹni tí ó bá gbé àgbélétan sókè tí ó tún ń tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, èjìká ni yóò fi san án. Mọ́nítọ̀ ńlá, níbi tí ó ti ń kọ Yorùbá, ni ó wà ní iwájú rẹ̀ gan-an. Gẹ̀ẹ́sì wà lórí àgbélétan lápá òsì, tí ó yí sí i díẹ̀. Àwọn kan a máa gbé méjèèjì sí àárín gbùngbùn lọ́gbọọgba, tí yóò fi jẹ́ pé etí méjèèjì ni ó kọjú sí wọn. Irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ dára fún ẹni tí ń lo méjèèjì bákan náà, ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ sójú kan kò gbọdọ̀ máa wo ẹ̀gbẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́.

Síso wọ́n pọ̀ kò gbà tó ìṣẹ́jú márùn-ún. A óò ti wáyà bọ ẹnu méjèèjì, a óò tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ P, a óò sì yan pé kí ojú kejì jẹ́ ìtẹ̀síwájú èkíní. Bí a bá ṣi èyí yàn, ohun kan náà ni yóò wà lójú méjèèjì, àǹfààní kankan kò sì sí nínú ìyẹn fún ògbufọ̀. Ohun kan ni ó kọ́kọ́ rú u lójú: bí ó bá ti máòsì sí ọ̀tún, kò sọdá; bí ó bá tì í sí òsì, a yọ ní ọ̀tún. Kọ̀ǹpútà kò mọ ibi tí ènìyàn gbé mọ́nítọ̀ sí, àfi kí a fà á sí àyè rẹ̀ nínú ètò. Nígbà tí ó ṣe èyí tán, tí ọfà kékeré náà ré kọjá láti dígí kan bọ́ sórí èkejì, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàtẹ́wọ́. “Ó ti sọdá! Ó ti sọdá!” Wọ́n ní kí ó tún un ṣe. Ó tó ìgbà mẹ́wàá tí ó tún un ṣe.

Ojú ńlá yìí tún fi ohun kan hàn tí ó kan gbogbo wa tí a ń kọ Yorùbá. Nínú ètò Unicode tí kọ̀ǹpútà ayé ń lò, lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ fi àmì ohùn sórí ẹ tàbí ọ, àmì náà ni a óò kọ ní ọ̀tọ̀ tí kọ̀ǹpútà yóò fi gbé e ka orí lẹ́tà. Àwọn irú lẹ́tà kan kò mọ̀ ọ́n gbé: àmì a yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ó wọ inú lẹ́tà tí ó tẹ̀lé e. Lórí ínǹṣì 14, kò rí èyí. Lórí ínǹṣì 22, nígbà tí ó sọ lẹ́tà di ńlá ní ìlọ́po kan àbọ̀, ó rí i pé “ọ̀kọ̀” àti “ọkọ̀” ti ń jọ ara wọn nínú iṣẹ́ oṣù mélòó kan sẹ́yìn, kì í ṣe nítorí pé ó kọ wọ́n ní ìkọkúkọ, bí kò ṣe pé lẹ́tà náà kò gbé àmì dúró dáadáa. Ó yí irú lẹ́tà padà. Ojú ọmọ ènìyàn kì í sì í ṣẹ́ tó bí ó ti yẹ nígbà tí ó bá ń wo dígí. Nítorí náà ó ń pa òfin kan mọ́ tí àwọn oníṣègùn ojú máa ń sọ, pé lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20 kọ̀ọ̀kan, kí a wo ohun tí ó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20 fún ìṣẹ́jú-àáyá 20. Orí ẹ̀rọ ìránṣọ ni ó ń wò kọjá, sí igi àgbọn tí ó wà ní ọgbà kejì.

Iná ni ó kù. Mọ́nítọ̀ kò ní bátìrì nínú. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ojú ńlá a kú lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ìwé a sì sáré padà sórí àgbélétan bí òròmọdìẹ tí ó rí àwòdì. Iṣẹ́ kò sọnù, ṣùgbọ́n ó tún di ojú kan. Ẹ̀rọ amúnáwá kékeré wà nínú ilé, àmọ́ láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, tí ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, tí lítà kan fi kúrò ní nǹkan bí 190 náírà tí ó sì lé ní 480 láàrin ọjọ́ mélòó kan, kò sí ẹni tí ń tan ẹ̀rọ náà nítorí ìwé títúmọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí kò sọ̀rọ̀ nígbà ìjà, ni ó sọ̀rọ̀ níbí. Ó ní òun yóò mú bátìrì ọkọ̀ kan wá láti ṣọ́ọ̀bù fún ínfátà. Oníṣẹ́ iná tí wọ́n pè sọ pé rárá. Bátìrì ọkọ̀, agbára ńlá fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, kí ẹ́ńjìnnì lè dìde. Bí a bá ń fà á gbẹ lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ bàjẹ́. Irú tí wọ́n ṣe fún ínfátà ni ó yẹ, èyí tí ó lè máa rẹlẹ̀ kí ó sì máa kún. Ẹ̀gbọ́n mọ ẹni tí ń tà á. Ó gbà á ní àwìn, àbúrò rẹ̀ sì ń san án díẹ̀díẹ̀. Bátìrì fóltì 12 tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 100Ah ní wọ́ọ̀tì-wákàtí 1,200 nínú, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni ó bójú mu láti lò bí a kò bá fẹ́ kí ó tètè kú. Àgbélétan àti mọ́nítọ̀ papọ̀ kò ju wọ́ọ̀tì 80 lọ. Bí a bá yọ ohun tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ kúrò, ó tó wákàtí mẹ́fà, ó sì tó fún iṣẹ́ òòjọ́.

Láti ìgbà náà ni nǹkan ti yí padà nínú ilé, kì í ṣe nítorí pé ẹnikẹ́ni jókòó láti ṣàlàyé. Gẹ̀ẹ́sì wà lápá òsì, Yorùbá wà níwájú. Ẹni tí ó bá kọjá rí i pé ohun kan ń jáde láti ibìkan tí ó sì ń bọ́ sí ibòmíràn, bí òwú tí ń di aṣọ. Àwọn ọmọ kì í fọwọ́ kan tábìlì náà mọ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n a máa dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró nígbà tí ọ̀dọ́mọbìnrin náà bá ń tẹ́tí sí ohùn fíìmù. Ní ọjọ́ kan tí aládùúgbò kan wọlé tí ó ní kí “ọmọbìnrin tí ń wo fíìmù yẹn” bá òun lọ pe ẹnì kan wá, ìyàwó ni ó dá a lóhùn pé iṣẹ́ ni ó ń ṣe.

Aládùúgbò yìí ni ó gbé ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìyá onílé. Mítà kan ni gbogbo ọgbà náà ń lò, ìyá onílé, ìyá àgbà ọmọ Edo kan, ni ó sì ń pín owó rẹ̀: iye fáànù, iye fíríìjì, iye tẹlifíṣọ̀n. Ó gbọ́ pé tẹlifíṣọ̀n ti di mẹ́ta ní ilé ọmọ Yorùbá. Ó fi ọ̀pá tilẹ̀ wọ pálọ̀ wá ní ọjọ́ Sátidé. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó sì fi èdè Edo kí i, “Kóyo, Iye,” èyí tí ó rọ ìyá náà lójú díẹ̀, ṣùgbọ́n kò yí ohun tí ó bá wá padà. Ó ní tẹlifíṣọ̀n méjì tuntun, owó méjì tuntun.

Ọmọbìnrin náà yí ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ padà, ó fi ohun tí wọ́n kọ sí i hàn án: wọ́ọ̀tì 25. Bí ó bá tàn án fún wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́, fún ọjọ́ 26, kò ju yúníìtì márùn-ún àti díẹ̀ lọ. Àní ní iye 225 náírà tí wọ́n kéde ní oṣù kẹrin 2024 fún àwọn tí ń rí iná fún wákàtí 20 lóòjọ́, kò pé 1,200 náírà lóṣù. Fáànù òkè àjà lè jẹ tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Ìyá onílé kò tẹ́tí sí ìṣirò. Ó fa àga, ó jókòó, ó ń wo ojú méjèèjì. Ó béèrè ohun tí ó wà lára èyí àti ohun tí ó wà lára ìyẹn. Ọmọbìnrin náà ka Gẹ̀ẹ́sì, ó ka Yorùbá, ó sì fi èdè Pidgin ṣàlàyé pé àwọn ìyá ní ilẹ̀ Yorùbá ni yóò kà á kí wọ́n lè mọ bí a ti ń lo oògùn ọmọ.

Ìyá náà wo ògiri ní ọwọ́ ọ̀tún, níbi tí kò sí ohunkóhun. “Èyí tí àwa Edo yóò kà ńkọ́?” ni ó béèrè. “Ta ni ó ń kọ ìyẹn?”

Ọmọbìnrin náà kò mọ ẹni tí ń kọ ọ́. Ó ní òun kò tíì rí i kí wọ́n fi irú rẹ̀ ránṣẹ́. Ìyá onílé mi orí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó dìde, ó ní kí wọ́n máa yọ wáyà bí ààrá bá ń sán, nítorí òjò Benin kì í fi iná ṣeré. Nígbà tí ìwé owó iná dé ní ìparí oṣù, ohun tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá a kọ síwájú orúkọ ẹ̀gbọ́n ni: fáànù méjì, fíríìjì kan, tẹlifíṣọ̀n kan, ẹ̀rọ ìránṣọ kan, ọ́fíìsì kan.